Ọmọ ta ni Adonis Creed? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìdílé akànṣẹ́ inú fíìmù Creed

Ẹni tó bá bá fíìmù Creed pàdé láì tíì wo Rocky rí á máa béèrè ẹni tó bí ta. Ẹni tó sì ti ń bá Rocky bọ̀ láti 1976 náà á máa béèrè ibi tí ọmọ yìí ti yọ, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà náà pé Apollo ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Adonis. Mo kó àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Mo sì sọ bí ìtàn ṣe parí, nítorí náà, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òpin fíìmù kí ó tó wò ó, kó lọ wò ó ná.

Ta gan-an ni Adonis Creed?

Akànṣẹ́ inú fíìmù ni, kì í ṣe ẹni gidi. Michael B. Jordan ló ṣe é nínú Creed (2015), Creed II (2018) àti Creed III (2023). Donnie ni àwọn tó sún mọ́ ọn ń pè é. Los Angeles ló dàgbà sí, ṣùgbọ́n Philadelphia ló ti di akànṣẹ́ gidi, lábẹ́ Rocky Balboa.

Ta ni bàbá tó bí i?

Apollo Creed ni. Carl Weathers, tó kú ní oṣù kejì ọdún 2024, ló ṣe Apollo nínú fíìmù Rocky mẹ́rin àkọ́kọ́, láti 1976 dé 1985. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, òun ló ni bẹ́líìtì hẹ́fíwéètì àgbáyé. Ó jẹ́ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó mọ aṣọ wọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Wọ́n fẹ́ fi ìjà ńlá kan ṣe àjọyọ̀ igba ọdún òmìnira Amẹ́ríkà, ẹni tó yẹ kó bá jà sì ṣèṣe. Apollo bá mú orúkọ ẹnìkan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ìwé: Rocky Balboa, ọmọ ìran Ítálì ní Philadelphia.

Apollo ló borí nínú ìjà yẹn, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló fi borí. Ní Rocky II (1979), Rocky gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Rocky III (1982) ni ọ̀rọ̀ yí padà, tí àwọn ọ̀tá méjèèjì di ọ̀rẹ́. Apollo ló kọ́ Rocky ní ìjà tuntun lẹ́yìn tí kóòṣì rẹ̀, Mickey, kú, ó sì fún un ní ṣòkòtò ìjà tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi àwọ̀ àsíá Amẹ́ríkà rán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ṣòkòtò yẹn.

Ẹni tó bá mọ Muhammad Ali á rí i lára Apollo lójú ẹsẹ̀. Ìjà tí Ali bá Chuck Wepner jà ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1975 ló fún Sylvester Stallone, tó kọ Rocky tó sì ṣe Rocky fúnra rẹ̀, ní èrò fíìmù náà. Wepner kò gbajúmọ̀ rárá, síbẹ̀ ó bá Ali jà dé abala kẹẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó dá ìjà náà dúró. Nítorí náà, bí a bá tọ ìran Adonis dé òkè pátápátá, a ó bá Ali níbẹ̀.

Ìyá tó bí i ńkọ́?

Obìnrin tí Apollo yàn ní àlè ni, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Johnson, orúkọ yẹn náà sì ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Ó ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé alágbàtọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Àwọn fíìmù náà kò fi ojú rẹ̀ hàn wá, èyí sì máa ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá tún wò wọ́n. Gbogbo ènìyàn ló ráyè ṣọ̀fọ̀ Apollo: ìyàwó rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀. Obìnrin tó gbé oyún rẹ̀ nígbà tí ó kú, tó di opó láì lè pe ara rẹ̀ ní opó, òun nìkan ni kò rí ìṣẹ́jú kan gbà.

Ṣé Mary Anne kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni?

Kì í ṣe òun ló bí i. Ìyàwó ilé Apollo ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè pé ta ló ni ìdílé Creed yìí, Mary Anne ni màá dárúkọ ṣáájú Apollo fúnra rẹ̀.

Ọdún 1998 ni fíìmù àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, nínú ọgbà tí wọ́n ń ti àwọn ọmọdé arúfin mọ́ ní Los Angeles. Ọmọ kékeré kan ń jà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan láti pàdánù. Wọ́n mú un lọ tì í mọ́ yàrá òun nìkan. Obìnrin kan tó múra dáadáa wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i, ó sì ní kó wá bá òun gbé. Ohun tí ọmọ náà béèrè ni orúkọ bàbá rẹ̀. Dípò ìdáhùn, orúkọ fíìmù náà ló jáde: CREED.

Ẹ wo ohun tí obìnrin yẹn ṣe ná. Ọkọ rẹ̀ dà á, ó sì kú. Ẹ̀rí ìdàlẹ̀ náà wà láàyè, ó ní ojú àti ìmú ọkọ rẹ̀, ó sì ń ṣe oríkunkun nínú àtìmọ́lé. Kò sí òfin tó ní kó lọ wá a. Ó wá a lọ, ó mú un wọ ilé ńlá tí Apollo fi ẹ̀ṣẹ́ kọ́, ó rán an níwèé títí ó fi rí iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ètò ìnáwó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sọ pé ẹ̀jẹ̀ Apollo ló sọ Donnie di ẹni tó dà. Èmi rí i pé àgbà obìnrin kan pinnu láti tọ́ ọmọ tí kò bí, ibẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Òun náà ló sì ta ko ẹ̀ṣẹ́ jù. Nígbà tí Donnie fi iṣẹ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ jà, Mary Anne rán an létí iye ìgbà tí òun gbé Apollo gun àkàsọ̀ ilé yẹn nítorí kò lè rìn, àti bí òun ṣe ń nu ìdí rẹ̀ nítorí kò lè lo ọwọ́. Aráyé rí àsíá àti orin. Ìyàwó rí ohun tó kù nígbà tí iná pápá ìṣeré bá kú.

Phylicia Rashad ló ṣe Mary Anne nínú fíìmù Creed mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú Rocky II àti Rocky IV, Sylvia Meals ló ṣe é.

Ṣé ọmọ àlè ni Donnie, kí sì ni fíìmù náà fẹ́ fi ìyẹn sọ?

Ohun tí àwọn oníròyìn inú fíìmù náà ń pè é nìyẹn ní ọ̀nà tiwọn, gẹ́rẹ́ tí àṣírí tú pé ọmọ Apollo ni, lẹ́yìn ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Leo Sporino. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ ẹ́ nínú. Ní Liverpool, nígbà tí Ricky Conlan, akànṣẹ́ tó ń bá jà, ti lù ú dé ibi tí ojú rẹ̀ kan ti dí, tí Rocky fẹ́ dá ìjà dúró, ohun tó sọ ni pé òun gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kì í ṣe àṣìṣe.

Kò sọ̀rọ̀ owó, kò sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Ohun tí ọmọdé kan ti gbé sáyà láti inú àtìmọ́lé ló jáde lẹ́nu ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tàbí tó sún mọ́ ọn. Ní tèmi, orí gbólóhùn yẹn ni fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lé.

Ṣé Apollo mọ̀ pé òun ní ọmọ yìí?

Ó ti kú kí wọ́n tó bí i. Rocky IV kò sì sọ ohunkóhun nípa oyún, torí pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni Creed jáde. Kò sẹ́ni tó tíì ronú kan Adonis ní 1985.

Báwo ni Apollo ṣe kú?

Inú ìjà ló kú sí, ní Las Vegas, nínú Rocky IV. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ivan Drago, òmìrán ọmọ ilẹ̀ Soviet tí Dolph Lundgren ṣe, wá sí Amẹ́ríkà, Apollo sì ní òun á bá a jà kí ayé lè rántí òun. Ó jó wọlé pẹ̀lú orin James Brown. Drago lù ú kọjá bó ṣe yẹ. Rocky mú táwẹ̀lì dání ní igun rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń jù láti dá ìjà dúró, ṣùgbọ́n Apollo ti kìlọ̀ fún un pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jù ú. Rocky kò jù ú. Apollo ṣubú, kò dìde mọ́.

Ẹ̀bi táwẹ̀lì yẹn ni Rocky gbé wọ inú àwọn fíìmù Creed. Ìdí nìyẹn tí kò fi yá a lára láti kọ́ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́, ìdí nìyẹn náà tí kò fi bá a lọ nígbà tó fẹ́ kọ́kọ́ kojú ọmọ Drago.

Kí ló dé tó fi ń jẹ́ Johnson nígbà kan, Creed nígbà kan?

Ó kọ́kọ́ yan Johnson fúnra rẹ̀. Ó ń jà níkọ̀kọ̀ ní Tijuana, ní Mexico, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀. Ó lọ sí Delphi, ilé ìdárayá àwọn ènìyàn Apollo ní Los Angeles, Little Duke, ọmọ kóòṣì Apollo, sì kọ̀ láti kọ́ ọ. (Orúkọ ilé náà bá ìtàn mu: Delphi ni ojúbọ Apollo, òrìṣà àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì náà sì ni wọ́n ti mú orúkọ Adonis.) Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó kó lọ sí Philadelphia, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìdílé tóun ti wá.

Nígbà tí àṣírí tú, àwọn ènìyàn Conlan ní àwọn á gbà kó bá Conlan jà, ṣùgbọ́n orúkọ Creed ni kó fi jà. Owó wà nínú orúkọ náà. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ń bẹ̀rù pé òun á ba orúkọ ńlá jẹ́.

Ẹrù kan dé láti ọ̀dọ̀ Mary Anne kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣòkòtò ìjà aláwọ̀ àsíá Amẹ́ríkà ni, irú èyí tí Apollo wọ̀, irú èyí tó fún Rocky. Creed wà níwájú, Johnson wà lẹ́yìn. Obìnrin tó ní ẹ̀tọ́ jù lọ láti kórìíra orúkọ Johnson ló ní kí wọ́n rán an síbẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì ń wú mi lórí.

Goodison Park, pápá Everton ní Liverpool nígbà náà, ni ìjà náà ti wáyé. Adájọ́ méjì nínú mẹ́ta fi fún Conlan. Donnie pàdánù ìjà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Creed ló ń jẹ́. Tony Bellew, akànṣẹ́ gidi tó ṣe Conlan, sì padà gba bẹ́líìtì WBC, àjọ ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé kan, ní Goodison Park kan náà ní oṣù karùn-ún ọdún 2016.

Ṣé ẹbí rẹ̀ ni Rocky?

Wọn kò bá ara wọn tan. Donnie ń pè é ní “Unc”, bí àwa náà ṣe máa ń pe ọ̀rẹ́ bàbá wa ní bàbá. Ohun tó fi ṣí ọkàn Rocky ni ìjà kẹta. Ní òpin Rocky III, Rocky àti Apollo jà láàárín ara wọn nínú yàrá tó pa rọ́rọ́, kò sí òǹwòran, a kò sì rí ẹni tó borí. Donnie wọ ilé oúnjẹ Rocky lọ, èyí tó fi orúkọ Adrian ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pè, ó sì béèrè ẹni tó borí. Rocky ní Apollo ni.

Rocky náà ti dá wà. Adrian ti kú, Paulie arákùnrin Adrian ti kú, Mickey ti kú tipẹ́, Robert ọmọ rẹ̀ sì ti kó lọ sí Kánádà. Yàrá Paulie ni Donnie ń sùn. Nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ mú Rocky, tó kọ̀ láti gba ìtọ́jú nítorí pé ìtọ́jú yẹn kò gba Adrian là, Donnie ló dúró tì í: bí òun bá ń jà, kí Rocky náà máa jà. Stallone gba àmì ẹ̀yẹ Golden Globe fún ipa yìí.

Ṣé ọjọ́ orí rẹ̀ bá ìtàn mu?

Ó bá a mu. Apollo kú ní 1985, oyún Donnie wà nínú nígbà náà. A jẹ́ pé ó tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí Mary Anne wá mú un ní 1998.

Kí ló kan ìdílé Drago nínú ọ̀rọ̀ ìdílé Creed?

Ó kàn wọ́n gan-an. Creed II ni mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ó jẹ́ kí a wo ilé apànìyàn náà. Lẹ́yìn tí Rocky na Ivan Drago ní Moscow, ìjọba rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, Ludmilla ìyàwó rẹ̀ náà kọ̀ ọ́. Ó kó ọmọ rẹ̀ Viktor lọ sí Ukraine, ó sì fi ìbínú tọ́ ọ. Ọdún kan náà tó gba bàbá lọ́wọ́ Donnie ló fa ohun tó gba ìyá lọ́wọ́ Viktor.

Donnie ti gba bẹ́líìtì hẹ́fíwéètì lọ́wọ́ Danny Wheeler nígbà náà. Nínú ìjà àkọ́kọ́, Viktor lù ú títí egungun ìhà rẹ̀ fi ṣẹ́. Bẹ́líìtì kò bọ́ lọ́wọ́ Donnie kìkì nítorí pé Viktor lu ẹni tó ti wólẹ̀, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Ìjà kejì wáyé ní Moscow. Nígbà tí ó di pé Viktor kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́, Ludmilla tó wá wò ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ivan wo àga tó ṣófo, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì ju táwẹ̀lì.

Ọkùnrin tó pa Apollo ló wá ṣe ohun tí Rocky kò ṣe fún Apollo. Mo ti rí àwọn tó sọ pé ìjà ọ̀hún kò dára tó ti fíìmù àkọ́kọ́. Bóyá. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibòmíràn nínú gbogbo fíìmù wọ̀nyí tí bàbá kan ti fi ọmọ ṣáájú orúkọ rere báyìí. Lẹ́yìn èyí ni Donnie tó lọ sí ibojì Apollo pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀.

Ta ni ìyàwó àti ọmọ Donnie?

Bianca, olórin tí Tessa Thompson ṣe, ni ìyàwó rẹ̀. Etí Bianca ń di díẹ̀díẹ̀. Amara ni ọmọ wọn, adití ni. Mila Davis-Kent tó ṣe Amara nínú Creed III kò gbọ́ràn lóòótọ́, èdè àwọn adití ni ìdílé náà sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé. Amara fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́. Ó lu ọmọ iléèwé rẹ̀ kan tó yọ ọ́ lẹ́nu, Bianca kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, bí Mary Anne náà kò ṣe fẹ́ ẹ láyé ọjọ́un.

Kí ni Creed III fi kún un?

Ó dá wa padà sí àwọn ọdún tí Donnie kò lóbìí. Dame Anderson, tí Jonathan Majors ṣe, ni ẹ̀gbọ́n tó yàn fúnra rẹ̀ nínú ilé ìtọ́jú ọmọ, níbi tí ẹni tó yẹ kó tọ́jú wọn ti ń lù wọ́n. Ní 2002, lẹ́yìn tí Mary Anne ti gba Donnie tọ́, Donnie bá ọkùnrin náà pàdé lójú títì, ó sì kọ lù ú. Dame yọ ìbọn láti gbèjà rẹ̀. Donnie sá, Dame lọ sẹ́wọ̀n ọdún gbọọrọ.

Dame ń kọ lẹ́tà láti ẹ̀wọ̀n, Mary Anne sì ń kó wọn pamọ́. Nígbà tí Donnie rí wọn, ó bínú sí i gidigidi. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú Mary Anne lọ. Mi ò lè dá obìnrin náà lẹ́bi pátápátá. Ó ti sin ọkọ, ó ń ṣọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ààbò tó fi bo ọmọ kan, ọmọ mìíràn ló san án.

Ta ló dá ìtàn ìdílé yìí sílẹ̀?

Ryan Coogler, ọmọ Oakland ní California. Òun àti Aaron Covington ló kọ Creed, òun ló sì darí rẹ̀. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìtàn Rocky tí kì í ṣe Stallone ló kọ ọ́. Bàbá Coogler fẹ́ràn Rocky, òun àti ọmọ rẹ̀ jọ máa ń wò ó ni. Nígbà tí àìsàn kọlu bàbá náà ni èrò akọni tó ń ṣàìsàn, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì dúró tì, wá sọ́kàn ọmọ. Steven Caple Jr. ló darí ìkejì, Michael B. Jordan fúnra rẹ̀ ló darí ìkẹta.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní ayé gidi, kí ọmọ máa jà nítorí orúkọ bàbá?

Ó ti ṣẹlẹ̀ dáadáa. Muhammad Ali àti Joe Frazier jà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ní 1971, 1974 àti 1975. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn ọmọbìnrin wọn, Laila Ali àti Jacqui Frazier-Lyde, bá ara wọn jà ní ìpínlẹ̀ New York, Laila sì borí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Chris Eubank àti Nigel Benn jà ní 1990 àti 1993. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn ọmọkùnrin wọn, Chris Eubank Jr. àti Conor Benn, jà ní pápá Tottenham, Eubank sì borí.

Orúkọ kì í sì í fìgbà gbogbo gbeni. Marvis Frazier, ọmọ Joe, kojú Larry Holmes ní 1983 àti Mike Tyson ní 1986. Abala àkọ́kọ́ ni ìjà méjèèjì parí sí, ti Tyson kò sì ju nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ba Donnie lẹ́rù nínú orúkọ Creed, kó lọ wo ìyẹn.

Fíìmù wo ni kí n wò bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdílé Creed nìkan ni mo fẹ́ tẹ̀ lé?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Rocky III, nítorí ibẹ̀ ni Apollo àti Rocky ti di ọ̀rẹ́, kí ẹ wo Rocky IV tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Creed mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe tò. Rocky V (1990) àti Rocky Balboa (2006) jẹ́ ti Rocky àti Robert ọmọ rẹ̀ jù; ẹ lè wò wọ́n kí ẹ tó dé Creed II, torí òpin rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé Robert.